Bí A Ṣe Ń To Ọkọ̀ Eré-Ìje Onírìmóòtù Tí Táyà Iwájú Ń Fà, Àti Bí A Ṣe Ń Wà Á

Ọkọ̀ onírìmóòtù tí mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ níhìn-ín ni irú èyí tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi, tí ó ń sáré lórí ọ̀dà tàbí kọnkéré tí ó tẹ́jú, tí ó sì jẹ́ pé táyà méjì iwájú nìkan ni mọ́tọ̀ rẹ̀ ń yí. Táyà ẹ̀yìn kò gba agbára kankan. Ó kàn ń tẹ̀lé èyí tí ó wà níwájú ni. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ń gbé ní Òṣogbo, nítorí pé Micra tí ó ń gbé èrò kọjá ní Ọláìyá, àti ọ̀pọ̀ jù lọ nínú Corolla àti Camry tí ó wà ní òpópónà wa, iwájú ni wọ́n fi ń fà, nígbà tí Peugeot 504 tí àwọn bàbá wa wà nígbà kan rí jẹ́ èyí tí táyà ẹ̀yìn ń tì lọ.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ to irú ọkọ̀ yìí fi sọ́kàn kí ó tó mú irinṣẹ́ rárá. Táyà iwájú méjì yìí ni ó ń fa ọkọ̀, àwọn náà ni ó ń yí i sí ọ̀tún àti sí òsì, àwọn náà ni ó sì ń gba gbogbo bíréèkì, nítorí pé mọ́tọ̀ ni ó ń ṣe bíréèkì nínú ọkọ̀ kékeré oníná, mọ́tọ̀ náà kò sì so mọ́ táyà ẹ̀yìn. Agbára tí táyà fi ń di ilẹ̀ mú ní òdiwọ̀n. Èyí tí ẹ bá lò fún fífà nínú rẹ̀ kò ní ṣẹ́ kù fún yíyí mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ọkọ̀ bá ti ń já síwájú, ìwúwo rẹ̀ a máa sún sẹ́yìn, táyà iwájú tí ó ń ṣiṣẹ́ a sì fúyẹ́ ní àkókò gan-an tí a nílò kí ó wúwo. Títò rẹ̀ àti wíwà rẹ̀, ọ̀rọ̀ bí a ó ṣe dín ẹrù tí ó wà lọ́rùn táyà méjì yẹn kù ni.

Èyí kò sọ ọ́ di ọkọ̀ tí kò dára. Mini tí ilé-iṣẹ́ BMC gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1959, èyí tí Alec Issigonis ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀, iwájú ni ó fi ń fà, síbẹ̀ ó gba ipò kìíní nínú ìdíje Monte Carlo ní ọdún 1964, 1965 àti 1967, níwájú àwọn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn tóbi ju tirẹ̀ lọ. Àwọn awakọ̀ rẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń fi bíréèkì àti iná (ìyẹn ohun tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré) yí ìdí ọkọ̀ náà, ohun kan náà ni a ó sì kọ́ nísàlẹ̀ yìí pẹ̀lú ìka ọwọ́.

Ọkọ̀ wo ni kí ẹ rà

Ẹ ra èyí tí kò tíì di títò, tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ wà nínú páálí pẹ̀lú ìwé àwòrán. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ọkọ̀ yóò mọ ibi tí ó ti bàjẹ́ ní ọjọ́ tí ó bá fi orí sọ pèpéle. Ilé-iṣẹ́ Tamiya ti ìlú Shizuoka ní ilẹ̀ Japan ti ń ṣe irú ọkọ̀ yìí tipẹ́: FF01, FF02 àti FF-03 wà fún àwọn bọ́dì tí ó ní ìwọ̀n ọkọ̀ eré-ìje tí ó wọ́pọ̀, M03, M05 àti M07 sì wà fún àwọn bọ́dì kúkurú bíi ti Mini. Xray ti ilẹ̀ Slovakia náà ní X4F, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àwọn tí ó ń díje gidi ni, owó rẹ̀ sì ga. Fún ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀, M05 ni mo máa ń tọ́ka sí. Ike ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ó lè gba ìkọlù, a sì lè tò ó sí gígùn mẹ́ta láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, ìyẹn mìlímítà 210, 225 tàbí 239. Bí ẹ bá ti lè rí bọ́dì tí ó bá èyí tí ó gùn jù lọ mu, òun ni kí ẹ lò, nítorí ọkọ̀ tí ó kúrú púpọ̀ a máa yára yí ìdí kí ọwọ́ awakọ̀ tuntun tó tó o.

Yàtọ̀ sí páálí náà, ẹ ó nílò rìmóòtù 2.4GHz pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó ń gba ìró rẹ̀ nínú ọkọ̀, sáfò, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí yóò máa yí táyà iwájú sí ọ̀tún àti sí òsì, ESC tí ó ń díwọ̀n iná fún mọ́tọ̀ bí ó bá jẹ́ pé kò sí nínú páálí, bátìrì, ṣájà, àti ẹ̀rọ kékeré tí ó ń ka ooru. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí ti ń wá, nítorí náà, ẹ pa wọ́n pọ̀ rà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi apá iwájú méjì àti ibi tí táyà iwájú ń so mọ́ kún un. Ibẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ dá.

Àwọn bíárìn kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà mìíràn. Púpọ̀ nínú àwọn páálí Tamiya ni ó máa ń fi búṣì onike ránṣẹ́ dípò bíárìn. Erùpẹ̀ pupa ilẹ̀ wa yóò jẹ búṣì yẹn láàárín ìgbà díẹ̀, táyà yóò sì máa mì. Bíárìn tí àwọn tí ó wà nínú iṣẹ́ yìí ń pè ní 1150, tí ó jẹ́ mìlímítà 11 ní ìta, 5 nínú, tí ó sì nípọn tó mìlímítà 4, ni ó bá ọ̀pọ̀ ojú ihò M05 mu. Ẹ fi wọ́n sí i nígbà tí ẹ bá ń tò ó, nítorí títú gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn náà a máa jẹ ojú ihò síkúrù.

Títò rẹ̀

Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kí síkúrù tí ó bá bọ́ má baà sọnù, kí ẹ sì tẹ̀lé ìwé àwòrán bí ó ṣe tò ó láìfo ojú ewé kankan. Síkúrù tí ó ń wọ inú ike gba sùúrù. Ẹ yan síkúrùdiráfà tí ó wọ orí rẹ̀ dọ́gbadọ́gba, kí ẹ sì dúró bí ẹ bá ti rí i pé orí síkúrù ti fara kan ike; ìdajì yíyí sí i ni ó máa ń ba ihò jẹ́. Bí ẹ bá tú u tí ẹ sì fẹ́ dá a padà, ẹ kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ bí ó ṣe bọ́ sí ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́, kí ẹ tó wá dè é. Síkúrù tí ó wọ inú irin, bíi ti mọ́tọ̀, ni ó nílò gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí ìdè tú, ẹ̀kán kan péré. Ẹ má ṣe jẹ́ kí gọ́ọ̀mù yẹn kan ike, nítorí ó lè mú kí ó sán.

Difurẹ́ńṣà ni mo fẹ́ kí ẹ lo àkókò lé lórí jù. Òun ni àkójọ gíà tí ó ń pín agbára láàárín táyà ọ̀tún àti ti òsì, kí táyà tí ó wà ní ìta kọ́nà lè yí ju ti inú lọ. Bí ó bá ṣí gbayawu, agbára a máa lọ sí táyà tí ó fúyẹ́. Nínú ọkọ̀ tí iwájú ń fà, táyà inú kọ́nà ni ó máa ń fúyẹ́ ní àkókò tí a ń tẹ iná, yóò sì máa yí lásán, ọkọ̀ kò ní lọ síbì kankan. Ìwòsàn rẹ̀ ni pé kí a fi ohun tí ó le sínú rẹ̀. Bí difurẹ́ńṣà yín bá jẹ́ èyí tí ó ní ìdérí tí kò ń jò, ẹ rọ epo sílíkọ́ọ̀nù tí ó nípọn gan-an sínú rẹ̀, irú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ tó 500,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá ní ìdérí bẹ́ẹ̀, gírísì tí ó le bíi ọ̀dà ojú títì ni kí ẹ fi kún àárín àwọn gíà náà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tò ó tán, ẹ di gíà ńlá mú, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí táyà kan. Táyà kejì gbọ́dọ̀ yí sí òdì kejì, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun kan ń dí i lọ́nà. Àwọn kan máa ń lẹ̀ ẹ́ pa pátápátá. N kò gbà wọ́n níyànjú bẹ́ẹ̀, nítorí ọkọ̀ tí difurẹ́ńṣà rẹ̀ ti kú kì í fẹ́ wọ kọ́nà nígbà tí a bá jáwọ́ nínú iná, a sì máa jẹ táyà.

Èyí tí ó tẹ̀lé e ni ṣáàfù tí ó gbé agbára láti difurẹ́ńṣà dé ọ̀dọ̀ táyà. Gbogbo wa ni a mọ ìró ká-ká-ká tí Micra tí ṣáàfù rẹ̀ ti jẹ máa ń ké nígbà tí ó bá ń yí kọ́nà. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ níhìn-ín. Ṣáàfù lásán tí ó ní ìṣó kékeré ní orí méjèèjì a máa mì táyà nígbà tí ó bá tẹ̀ púpọ̀, ìmì yẹn a sì já ìdìmú táyà mọ́ ilẹ̀. Ẹ rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú ṣáàfù olóríkèé, èyí tí ó ní oríkèé tí ó ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Nínú ohun gbogbo tí a lè fi owó rà fún ọkọ̀ yìí lẹ́yìn bíárìn, òun ni mo kà sí kìíní. Ẹ fi gírísì díẹ̀ sínú oríkèé náà, kí ẹ sì nu èyí tí ó yọ síta, torí gírísì tí ó wà níta ni erùpẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́.

Ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin ni ó wà. Ẹ rọ epo sínú rẹ̀ kún, ẹ fa ọ̀pá rẹ̀ lọ sókè àti sódò jẹ́jẹ́, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ títí gbogbo ìfófòó afẹ́fẹ́ yóò fi jáde kí ẹ tó dé e. Ẹ fi ọ̀tún wé òsì: bí ọ̀kan bá yára padà ju èkejì lọ, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ooru a máa sọ epo di fúyẹ́, nítorí náà epo tí ó nípọn díẹ̀ ju èyí tí ìwé àwòrán sọ lọ ni ó yẹ ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà níbí. Ní ti sípíríǹgì, ti ẹ̀yìn ni kí ó le ju ti iwájú lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ìdí ọkọ̀ tí sípíríǹgì rẹ̀ le a máa rọrùn láti yí, ìyẹn sì ń ran táyà iwájú lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ yíyí.

Mọ́tọ̀, iná àti ìwúwo

Mọ́tọ̀ 540 tí ó máa ń bá páálí wá ti tó. Mo mọ̀ pé ojú máa ń wọ mọ́tọ̀ tí ó lágbára, ṣùgbọ́n agbára àfikún nínú ọkọ̀ tí iwájú ń fà kò wúlò títí di ìgbà tí ìka bá ti kọ́ ìwọ̀n. Táyà nìkan ni yóò máa yí lásán. Nígbà tí ẹ bá ń so gíà kékeré orí mọ́tọ̀ pọ̀ mọ́ gíà ńlá, tí ọkọ̀ yín bá jẹ́ irú èyí tí a lè sún mọ́tọ̀ rẹ̀, ẹ fi ìwé tínrín sí àárín wọn, ẹ tì wọ́n pọ̀, ẹ de mọ́tọ̀, kí ẹ sì fa ìwé náà jáde. Bí ó bá jáde láìya tí ó sì ní àpá eyín gíà lára, àyè tí ó wà láàárín wọn tọ́.

Ìṣirò gíà kò le. Ẹ fi iye eyín gíà ńlá pín sí ti gíà kékeré, kí ẹ sì fi iye tí ìwé àwòrán kọ fún gíà inú àpótí sọ ọ́ di púpọ̀. Bí gíà ńlá bá ní eyín 70, tí ti kékeré ní 28, tí ti inú àpótí sì jẹ́ 2, iye tí ẹ ó rí ni 5, èyí tí ó túmọ̀ sí pé mọ́tọ̀ yóò yí ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá dín iye yìí kù, ọkọ̀ yóò sáré sí i lójú ọ̀nà gígùn, ṣùgbọ́n mọ́tọ̀ yóò gbóná. Ẹ wọn ooru rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́. Bí ó bá ti kọjá 70 sí 80 lórí òdiwọ̀n Celsius, ẹ fi gíà kékeré tí eyín rẹ̀ dín kù rọ́pò.

Bí ẹ bá fẹ́ fi léèdì jó wáyà bátìrì mọ́ ESC, tí ẹ kò sì ní irinṣẹ́ rẹ̀, àwọn tí ó ń tún rédíò àti fóònù ṣe yóò bá yín ṣe é dáadáa. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró tì wọ́n fún ni pé kí pupa bá pupa, kí dúdú bá dúdú. Bí wáyà mọ́tọ̀ tí ó bá páálí wá bá yí padà, ọkọ̀ yóò kàn máa lọ sẹ́yìn. Bí ti bátìrì bá yí padà, ESC ti jóná nìyẹn. Kí ẹ tó so apá sáfò, ẹ tan rìmóòtù, ẹ tan ọkọ̀, ẹ dá gbogbo ìtúnṣe orí rìmóòtù sí àárín, kí ẹ wá so ó nígbà tí sáfò ti dúró sí àárín fúnra rẹ̀. Rìmóòtù ni à ń kọ́kọ́ tàn, òun náà ni à ń pa kẹ́yìn, láìsí ìgbà kan tí a ó ṣe é ní òdì, nítorí ọkọ̀ tí kò gbọ́ ìró ọ̀gá rẹ̀ lè já lọ.

Ní ti bátìrì, irú méjì ni ó wọ́pọ̀, NiMH àti LiPo. NiMH 7.2V dára fún ọmọ ilé-ìwé àti fún ilé tí ọmọdé wà. LiPo 7.4V fúyẹ́, ó sì lágbára jù, ṣùgbọ́n ó ní òfin: kò gbọdọ̀ kọjá 4.2V fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó bá kún, kò sì yẹ kí ó wálẹ̀ ju nǹkan bí 3.2V lọ. Bátìrì 4,000mAh, 4A ni kí ẹ fi ṣájì rẹ̀, ní ojú yín, lórí táìsì tàbí kọnkéré. Bí iná bá ń lọ tí ó ń bọ̀, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ kò dúró lójú kan, ó sàn kí ẹ lo ṣájà tí ó lè gba 12V láti ara bátìrì ọkọ̀ gidi. Bí ẹ kò bá ní lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi í sílẹ̀ ní nǹkan bí 3.8V fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi í sínú ọkọ̀ tí ẹ pa sí oòrùn.

Níbi tí ẹ bá ti ń to nǹkan wọ̀nyí sórí ṣáásì ni ẹ ti ń pinnu bí ọkọ̀ yóò ṣe rí lójú ìje. Ohun gbogbo tí ó bá lè sún síwájú, ẹ sún un síwájú: sáfò, ESC, ẹ̀rọ tí ó ń gba ìró, àti bátìrì bí àyè bá wà. Ó dára kí ìwúwo tí ó wà lórí táyà iwájú tó ìdá 60 nínú 100 tàbí kí ó lé díẹ̀. Ẹ lè fi òṣùwọ̀n ìdáná méjì wọ̀n ọ́n, kí ẹ gbé táyà iwájú sórí ọ̀kan, ti ẹ̀yìn sórí èkejì. Ẹ tún rí i dájú pé ọ̀tún àti òsì súnmọ́ ara wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ yóò máa yí sí apá kan dára ju apá kejì lọ, ẹ ó sì máa rò pé ọwọ́ yín ni kò mọ̀ ọ́n.

Bọ́dì

Ike tí ó mọ́ gaara ni bọ́dì, inú rẹ̀ ni a sì ń kùn, kì í ṣe ìta. Ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná díẹ̀ àti ọṣẹ ìfọwọ́ fọ inú rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Ọ̀dà tí wọ́n ṣe fún irú ike yìí ni kí ẹ lò. Ọ̀dà tí àwọn apènítì ń fọ́n sára ọkọ̀ gidi yóò sán bí ọkọ̀ bá ti forí sọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fọ́n ọn ní ìpele tínrín tínrín, kí àwọ̀ tí ó dúdú ṣáájú èyí tí ó mọ́lẹ̀. Ní ìgbà òjò, ẹ dúró de ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, nítorí ọ̀rinrin a máa sọ ọ̀dà di funfun. Ní àkókò ọyẹ́, inú yàrá tí erùku kò sí ni kí ẹ ti ṣe é, kí fèrèsé sì ṣí díẹ̀ nítorí òórùn rẹ̀.

Ìtúnṣe ìbẹ̀rẹ̀

Ilẹ̀ wa kì í ṣe kápẹ́ẹ̀tì inú ilé tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ òkèèrè, nítorí náà ẹ má ṣe gbé gíga abẹ́ ọkọ̀ sí ilẹ̀ sí mìlímítà 5 bí àwọn ìwé wọn ṣe sọ. Mìlímítà 7 sí 8 ni ó dára lórí kọnkéré tí ó ní ojú ìsopọ̀, kí ẹ̀yìn sì ga ju iwájú lọ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orí táyà tẹ̀ wọlé díẹ̀ lókè, bíi dígírì kan àbọ̀ sí méjì. Táyà iwájú ni kí ẹ ṣí síta díẹ̀ níwájú, dígírì kan péré, nítorí nígbà tí mọ́tọ̀ bá ń fà á, ó máa ń fẹ́ pa ojú dé wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ tún dín bí ṣọ́ọ̀kì iwájú ṣe lè nà kù, kí imú ọkọ̀ má baà gbé sókè nígbà tí ẹ bá tẹ iná.

Táyà kan náà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ti iwájú yóò yára jẹ, ẹ ó sì lè kó èyí tí ó ti jẹ díẹ̀ lọ sẹ́yìn, kí ẹ fi tuntun síwájú. Ìdí ọkọ̀ yóò wá máa yí pẹ̀lú ìrọ̀rùn. (Ẹ jọ̀wọ́, ọkọ̀ kékeré nìkan ni èyí wà fún. Nínú ọkọ̀ gidi tí ẹ fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé, táyà tí ó dára jù ni ó yẹ kí ó wà lẹ́yìn, ìbáà jẹ́ iwájú ni ó fi ń fà.)

Wíwà rẹ̀

Ẹ wá ilẹ̀ tí ó tẹ́jú tí ó sì ní òfo: àgbàlá ilé-ìwé ní ìgbà ìsinmi, ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìjọsìn ní ọjọ́ tí kò sí ìsìn, tàbí pápá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́sọ tí wọ́n fi kọnkéré ṣe. Ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ibẹ̀, kí ẹ sì gbá a, torí yanrìn díẹ̀ ti tó láti gba gbogbo ìdìmú táyà. Ojú pópó kò yẹ, ìbáà ṣe ní Ògo-Olúwa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú nígbà tí ó dà bí ẹni pé kò sí ọkọ̀.

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni ó léwu jù. Táyà iwájú a máa gbóná kíákíá nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn ṣì tutù, ìdí ọkọ̀ yóò sì máa yọ̀ lójijì. Ẹ wà á yí ibẹ̀ ká jẹ́jẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé kóònù kan tàbí ike omi kan kalẹ̀, kí ẹ sì máa yí i ká pẹ̀lú iná tí kò pọ̀ tí kò sì yí padà. Láìyí sítíárìn orí rìmóòtù kúrò níbi tí ó wà, ẹ fi iná kún un díẹ̀: òbìrípo náà yóò fẹ̀ síta. Ẹ dín iná kù díẹ̀: yóò súnmọ́ inú. Ẹ ṣe é ní ọ̀tún, ẹ ṣe é ní òsì, títí ìka yín yóò fi mọ̀ pé ìfà iná rìmóòtù jẹ́ sítíárìn kejì. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ má ṣe kúrò lórí èyí kíákíá. Ẹni tí ó bá ti gbà á mọ́ ara kò ní máa fi agbára yí sítíárìn nígbà tí ọkọ̀ kò bá fẹ́ wọ kọ́nà. Yóò kàn tú ìka sílẹ̀ díẹ̀ ni, imú ọkọ̀ yóò sì wọlé.

Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wá sí kọ́nà gidi, ẹ parí bíréèkì nígbà tí ọkọ̀ ṣì dúró tààrà. Ẹ tú bíréèkì, kí ẹ wá yí sítíárìn. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yí lọ láìsí iná àti láìsí bíréèkì títí imú rẹ̀ yóò fi kọjú sí ibi tí ẹ ń lọ. Àkókò yìí kúrú, ṣùgbọ́n ojú kì í fẹ́ gbà á, ó máa ń dà bí ẹni pé a ń fi àkókò ṣòfò. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú sítíárìn padà sí àárín ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iná, kí méjèèjì bá ara wọn rìn, tí iná kò ní kún tán títí sítíárìn yóò fi tọ́. Ẹni tí ó tẹ iná kún nígbà tí táyà ṣì tẹ̀ yóò rí ọkọ̀ rẹ̀ tí ó ń lọ tààrà sí ìta, ìró mọ́tọ̀ a ga, eré kò sì ní sí níbẹ̀.

Bíréèkì kékeré nínú kọ́nà jẹ́ irinṣẹ́ fún ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n. Nítorí pé iwájú nìkan ni ó ń dúró, ìwúwo yóò sáré lọ síwájú, ẹ̀yìn yóò fúyẹ́, ìdí ọkọ̀ yóò sì yí bọ̀. Èyí wúlò ní kọ́nà tí ó ká padà sẹ́yìn bí píìnì irun. Bí ìdí náà bá yí ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, ohun tí ọwọ́ yóò fẹ́ ṣe ni kí ó jáwọ́ nínú iná tàbí kí ó tẹ bíréèkì, ohun tí yóò sì mú ọkọ̀ yípo pátápátá gan-an nìyẹn. Ẹ tọ́ sítíárìn sí ibi tí ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ sì tẹ iná. Táyà iwájú yóò fa ìdí náà tọ́. Kò sí ọkọ̀ tí ẹ̀yìn ń tì tí ó lè ṣe irú èyí.

Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ kì í fẹ́ wọ kọ́nà rárá, kódà láìsí iná, ẹ wo táyà iwájú bóyá ó ti jẹ, kí ẹ tó gbé ìwúwo síwájú sí i tàbí kí ẹ fi sípíríǹgì ẹ̀yìn tí ó le sí i. Bí ó bá wọlé dáadáa ṣùgbọ́n tí ó ń sá síta nígbà tí ẹ bá tẹ iná, tí táyà inú sì ń yí lásán, epo difurẹ́ńṣà tí ó nípọn sí i ni kí ẹ lò. Bí ìdí bá ń yọ̀ jù, ẹ dá sípíríǹgì ẹ̀yìn tí ó rọ̀ padà, tàbí ẹ fi táyà tí ó dára díẹ̀ sẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú bí ilẹ̀ àti ooru ọjọ́ náà ṣe rí.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ gbá erùpẹ̀ pupa kúrò lára ṣáàfù, gíà àti ṣọ́ọ̀kì. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́n. Ẹ fi ọwọ́ yí táyà kọ̀ọ̀kan, pàápàá ti ẹ̀yìn tí ó yẹ kí ó máa yí fún ìgbà pípẹ́ nítorí pé kò so mọ́ ohunkóhun: bí ó bá yára dúró, bíárìn rẹ̀ ti gba erùpẹ̀, ó sì ń fà yín sẹ́yìn lójú ìje. Ẹ di táyà iwájú mú, kí ẹ mì í sókè àti sódò láti mọ̀ bóyá oríkèé rẹ̀ ti jẹ, ẹ tún gírísì ṣáàfù ṣe, kí ẹ sì yọ bátìrì kúrò nínú ọkọ̀ kí ẹ tó gbé e sórí pẹpẹ.